Àáró Oko Ìyá Rẹ Tí O Kò Sí Níbẹ̀

                                                            Ilé Barnabé Oníkajú,
                                                            Ọ̀nà Kika,
                                                            Tchaourou, Benin.
                                                            Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Bélú, 2024.

Tìmílẹ́yìn ọ̀rẹ́ mi, ọmọ ìyá mi tí ilé ọ̀tọ̀ bí,

Ṣé dáadáa lo wà? Báwo ni Libreville? Ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti fi í lọ́rùn sílẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń gbọ́ èdè wa àbí Faransé nìkan ni wọ́n fi ń bá ọ jà? Iṣẹ́ pákó ńkọ́, ṣé ọ̀gá yẹn ṣì ń jágbe mọ́ yín? Wọ́n ní òjò ibẹ̀ kì í dá. Jọ̀wọ́ máa wọ aṣọ tó nípọn, mo mọ̀ ọ́, ìwọ tí ikọ́ máa ń tètè mú. Ṣé o ti rí ṣọ́ọ̀ṣì kan lọ, níbi tí wọ́n ti ń kọrin bíi tiwa, tí kì í ṣe ariwo ẹ̀rọ nìkan?

Àwa náà wà. Yéwándé ìyàwó mi kí ọ, àwọn ọmọ kí ọ. Ara mi le koko. Kajú ọdún yìí dáa sí mi. Ilé ìkẹ́rùsí mi tó jẹ́ pé ìpìlẹ̀ nìkan ló wà nígbà tí ò ń lọ, mo ti bò ó. Ẹni tó bá ń ti Tchatchou bọ̀, páànù rẹ̀ tó ń dán ló máa kọ́kọ́ rí kó tó rí ìlú. Èmi tí mo já kúrò nílé ìwé kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń pín nǹkan sí méjì, àwọn tó ní díplọ́mù ló ń wá jókòó sí ẹnu ọ̀nà mi pé kí n fún àwọn níṣẹ́. Mi ò fi yangàn o. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni mò ń sọ.

O máa bi mí pé kí ló dé tí mi ò pè ọ́ lórí fóònù. Lórí fóònù, kí n tó kí ọ tán, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ, ìwọ náà sì máa ń rẹ́rìn-ín kí ọ̀rọ̀ tó parí. Ọ̀rọ̀ yìí fẹ́ ìjókòó. Tata Raliatou tó ń kó aṣọ wá ta lọ́dọ̀ yín ló máa mú un wá. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́, pẹ̀lú Yorùbá tí a jọ kọ́ ní kíláàsì ọjọ́ Ìsinmi. Tó o bá rí ibi tó wọ́, má pe ẹnikẹ́ni wá wò ó.

Ọ̀rẹ́ mi, àárò rẹ ń sọ mí. Tí mo bá ń ti oko bọ̀ nírọ̀lẹ́, ẹsẹ̀ mi máa ń yà sí ọ̀nà ilé rẹ kí n tó rántí pé ilẹ̀kùn wà ní títì. Àná gan-an, mo ti dé ìdí igi máńgòrò yín kí ojú tó tì mí, mo wá ṣe bíi pé mo fẹ́ tọ̀.

Oko ìyá wa ni mo fẹ́ sọ fún ọ. Ìyá tó bí ọ, tó sì fi àwo kan náà bọ́ èmi àti ìwọ. Má jáyà, ara wọn le. Ṣùgbọ́n díẹ̀ ló kù kí ọdún yìí lọ láìsí ebè kan nílẹ̀ wọn, ọwọ́ mi ló sì ti wá.

Nígbà tí ò ń lọ, tí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ní kí n gba ipò rẹ, kí n máa ṣe olórí àáró wa, inú mi dùn, kí n má purọ́. Mo ní ta ni ì bá tún ṣe é? Ta ló lágbára tó mi? Ta ló ní mótò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó máa kó èèyàn lọ sóko? Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ra ọkọ́ tuntun fún gbogbo wọn, èyí tí alágbẹ̀dẹ Bétérou rọ, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi páànù ṣe. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo wá ra fèrè fún ara mi. Mo ní àwọn àgbà ti wí pé ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Èmi ni orí. Kí ẹsẹ̀ máa tẹ̀ lé mi.

Bí o ṣe fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ni mo bá a lọ: lónìí oko tèmi, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ oko tìrẹ, wọ́n á pín ilẹ̀ ní poro, ọkùnrin kọ̀ọ̀kan á máa kọ ebè lórí poro tiẹ̀ títí dé òdì kejì, ẹni tó bá parí á lọ jókòó sábẹ́ igi. Ta ló máa ń kọ́kọ́ parí? O mọ ọwọ́ mi. Màá jókòó sábẹ́ igi emì, màá fọn fèrè, màá máa pe orúkọ àwọn tó kù lẹ́yìn.

“Alidou! Ṣé ebè lò ń kọ ni àbí ibojì lò ń gbẹ́?”

Alidou, Mùsùlùmí tí oko rẹ̀ bá tiwa pààlà, tó jẹ́ pé ìwọ lo fà á wọ ẹgbẹ́, kì í gbà. Á ní, “Pátírọ̀ǹ, tìrẹ ni mò ń gbẹ́. Ikùn rẹ ni mò ń wọ̀n, ìyẹn ni kò jẹ́ kó yá!”

Gbogbo oko á máa rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ohun tí wọ́n ń pè ní ìdarí nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn ń dín kù. Oníṣòwò ni mí, mo máa ń mọ̀ tí ọjà bá ń tutù. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ dé. Àwọn kan ní orí ń fọ́ àwọn. Kò sẹ́ni tó bá mi jà, àmọ́ tí mo bá ti yọ, ọ̀rọ̀ á dákẹ́.

Ọjọ́ Ìsinmi kan, pásítọ̀ wàásù nípa ìgbà tí Jésù Olúwa wa dìde nídìí oúnjẹ, tó di aṣọ ìnura mọ́dìí, tó ń fọ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ rí, ta ni ò gbọ́ ọ rí? Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn pásítọ̀ bi wá pé, nínú gbogbo àwọn tó wà nínú yàrá yẹn, ta ni ọ̀gá? A pariwo pé Jésù ni. Pásítọ̀ ní, ta ló wà nílẹ̀ jù? Bọ́ǹ, ní tèmi, ìwọ ni mo rí. Mo rí ọ lóko, pé tó o bá parí poro rẹ, o kì í lọ sábẹ́ igi. O máa ń gba òdì kejì lọ bá ẹni tó wà lẹ́yìn jù, ẹ ó máa kọ ebè bọ̀ títí ẹ ó fi pàdé, gbogbo wa á sì nàró pọ̀. Mo ní, ṣé ìyẹn náà ni? Ìyẹn rọrùn. Èmi tí ọwọ́ mi yá ju tìrẹ lọ!

Sátidé tó tẹ̀ lé e, oko Alidou la wà. Tonton Àlúkò ló wà lẹ́yìn jù. O mọ̀ pé ọjọ́ ti lọ lórí wọn, ẹ̀yìn ń ro wọ́n, ṣùgbọ́n àwọn ló kọ́ gbogbo wa ní ebè kíkọ. Mo parí tèmi, mi ò jókòó. Mo bẹ́ sínú poro wọn láti òdì kejì, mo ń kọ ọ́ wìtìwìtì, eruku ń sọ lálá. Inú mi ń dùn. Mo mọ̀ pé Ọlọ́run ń wò mí. Mo tiẹ̀ pariwo pé, “Tonton, ẹ lọ sinmi, mo ti gbà á lọ́wọ́ yín!”

Tonton dúró. Wọ́n gbé ọkọ́ lé èjìká.

“Barnabé, ta ló bẹ̀ ọ́? Àbí wọ́n ti sọ fún ọ pé mo ti kú, tí o fi ń pín ogún mi?”

Mo ní, “Tonton, mò ń ràn yín lọ́wọ́ ni.”

“Ìrànlọ́wọ́ tí gbogbo oko gbọ́. Ó dáa. Máa kọ ọ́ lọ.”

Wọ́n bá tiwọn lọ. O mọ̀ pé nílẹ̀ wa níbí, ẹni tí wọ́n bá bá parí poro láìbẹ̀, ọ̀lẹ ni wọ́n pè é lójú gbogbo ayé. Àwọn ọmọ wọn tẹ̀ lé wọn, àna wọn tẹ̀ lé wọn, àwọn tí ilé wọn sún mọ́ tiwọn náà sì gbé ọkọ́. Kí oòrùn tó dé àtàrí, àáró tí o fi ọ̀pọ̀ ọdún kó jọ ti fọ́ sí méjì. Oko tó sì kàn lẹ́yìn ti Alidou, oko ìyá wa ni.

Òjò ti ń fà sẹ́yìn nígbà yẹn. Ọyẹ́ ti ń yọjú láàárọ̀. O mọ ilẹ̀ ìyá wa, ilẹ̀ pupa ni, tó bá ti gbẹ, bíríkì ni. Èbù iṣu wọn sì wà nínú àká, ó ń wo ojú mi.

Mo kọ́kọ́ rò pé ẹran ló máa parí ẹ̀. Mo ra òbúkọ kan tó sanra débi pé àwọn èèyàn ń dúró wò ó lójú ọ̀nà, mo ní kí wọ́n fà á lọ fún Tonton. Ọjọ́ náà ni òbúkọ padà dé, tòun ti okùn lọ́rùn, ó sì jẹ ẹ̀gẹ́ tí Yéwándé sá sílẹ̀. Iṣẹ́ tí Tonton rán sí mi ni pé àwọn ò ní èèkàn tí àwọn máa so ẹran olówó mọ́.

Mo ní kò burú, màá gba àwọn alágbàṣe láti Kika, wọ́n á kọ gbogbo oko náà lọ́jọ́ kan. Apá mi ká a. Mo lọ sọ fún ìyá wa pé kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Ẹ̀wà ni wọ́n ń ṣà. Wọn ò wojú mi.

“Barnabé, ó ti tó ìgbà wo tí mo ti ń gbé oúnjẹ lọ sí oko àwọn ẹlòmíràn?”

Mo ní ó ti pẹ́, Ìyá.

“Inú àáró ni Tìmílẹ́yìn fi mí sí kó tó lọ. Kò fi mí sínú àgbàṣe. Tó o bá fi owó kọ ebè mi, ohun tí wọ́n á máa sọ ni pé opó yẹn ò ní èèyàn mọ́. Kí ilẹ̀ yẹn kúkú le.”

Ọ̀rẹ́ mi, mo ti bá àwọn oníkajú Nàìjíríà dúnàádúrà, mo ti bá àwọn Íńdíà dúnàádúrà, kò sí èyí tó pa mí lẹ́nu mọ́ rí. Ìyá rẹ pa mí lẹ́nu mọ́, wọ́n sì ń ṣa ẹ̀wà wọn lọ.

Mo délé, mò ń kùn. Mo ní ohun tí Tìmílẹ́yìn máa ń ṣe náà ni mo ṣe, kí ló dé tó fi di ìjà lọ́dọ̀ tèmi? Yéwándé bú sẹ́rìn-ín.

“Ẹ̀yin ọkùnrin, ebè lẹ̀ ń wò. Àwa tá a gbé oúnjẹ wá, èèyàn là ń wò.”

Ó ní o kò wọ poro ẹnikẹ́ni rí láìjẹ́ pé ohun kan wà tí ò ń wá lọ síbẹ̀. Ó ní o máa ń lọ bá Tonton pé, “Tonton, ẹ ò tíì parí ìtàn ẹfọ̀n yẹn fún mi o.” Tonton á bẹ̀rẹ̀ ìtàn, ìwọ á máa gbọ́, ọwọ́ rẹ á sì máa kọ ebè. Nígbà tí ẹ bá fi máa pàdé láàárín poro, Tonton ni inú wọn á dùn pé àwọn ṣe ọ́ lóore.

Tìmílẹ́yìn, láti kékeré ni mo ti ń wò ọ́, ọwọ́ rẹ nìkan ni mo rí. Mi ò rí etí rẹ. Èmi náà fẹ́ ṣe ìránṣẹ́, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí gbogbo oko rí i pé èmi ni ìránṣẹ́ tó ga jù. Wọ́n ní àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Kì í ṣe oúnjẹ ni mo jẹ tán lọ́jọ́ yẹn, ọlá Tonton ni. Ọjọ́ yẹn ni mo fẹ́ rí ọ jù láti ìgbà tí o ti lọ, kí n kàn jókòó tì ọ́, kí o má tiẹ̀ sọ nǹkan kan.

Lọ́jọ́ kejì, mo rìn lọ sílé Tonton. Mo fẹsẹ̀ rìn ni o, kí wọ́n má bàa sọ pé mo wá fi mótò hàn wọ́n. Wọ́n ń fá èkù ọkọ́ lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀. Wọn ò tètè ní kí n dìde.

“Ṣé òbúkọ yẹn tún ń bọ̀ lẹ́yìn ni?”

“Rárá, Tonton. Èmi nìkan ni.”

“Ìwọ nìkan náà ti pọ̀ jù.”

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín nínú ilé. Mo gbé e mì. Mo ní oko ìyá Tìmílẹ́yìn ni mo bá wá, àti pé tó bá wù wọ́n, kí wọ́n gba fèrè lọ́wọ́ mi, kí wọ́n máa ṣe olórí.

“Fèrè? Kí ni màá fi ṣe? Ṣé ajá ni mo fẹ́ máa pè?” Wọ́n fá igi wọn títí. “Màá wá. Nítorí ìyá yẹn ni, kì í ṣe nítorí rẹ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, láti ìgbà tí ọkọ́ bá ti wọlẹ̀ títí a ó fi ṣe tán, mi ò fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ. Tí mo bá gbọ́ ọ báyìí, mo ti lọ.”

Ọ̀rẹ́ mi, kí wọ́n ní kí n fún àwọn ní màlúù ì bá rọrùn. Ohùn mi! Ohùn tí mo fi kọ́lé!

Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù yìí la ṣe é. Gbogbo wọn wá, tìhín tọ̀hún. Tonton ló pín poro. Alidou ló kọ́kọ́ rí i pé fèrè ò dún.

“Pẹrẹsídáǹ, ahọ́n rẹ dà? Ṣé o ti tà á mọ́ kajú ni?”

Mo rẹ́rìn-ín, mi ò dáhùn.

“Wàláì, àìsàn ni! Ẹ gbé e lọ sí òpìtálì kó tó tutù!”

Tonton ń wò mí láti abẹ́ fìlà. Mo pa ẹnu mọ́.

Nígbà tí mi ò lè pàṣẹ, mi ò mọ ohun tó yẹ kí olórí máa ṣe mọ́. Mo bá gbé bídọ́ǹ, mo lọ pọnmi lódò, iṣẹ́ àwọn ìyàwó, mo ń gbé e káàkiri oko láti poro dé poro. Alidou ní kí ìyá wa wá wo ìyàwó tuntun tí wọ́n gbé fún àwọn. Mo fún un lómi. Ìgbà yẹn ni mo rí i pé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti bó, àkísà ló fi wé e, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo rí i pé àna Tonton máa ń dúró di àyà mú, á sì yára bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pa dà kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Orí òkúta ni poro tiẹ̀ bọ́ sí. Mo fi ọwọ́ ṣàpèjúwe fún un pé ẹ̀yìn ń yún mi, mo fẹ́ ibi tó le kí n fi nà án, kó gba poro mi tó rọ̀. Ó wò mí bíi pé orí mi ti yí, ṣùgbọ́n ó gbà.

Ṣé o rí i, láti ìgbà tí mo ti ń jókòó sábẹ́ igi emì yẹn, mi ò rí nǹkan kan nínú àwọn wọ̀nyí. Mo wá mọ ìdí tí Olúwa wa fi lọ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó nàró kò lè rí ẹsẹ̀ tó ní egbò.

Nígbà tí oúnjẹ dé, mo bu omi sí ọwọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ Tonton, wọ́n na ọwọ́ méjèèjì, wọ́n fọ̀ ọ́ pẹ́. Nígbà tó fi máa kàn mí, ọbẹ̀ ti tán. Ìyá wa fi ata àti òróró sí ìwọ̀nba iyán tó kù. Iyán yẹn dùn, mi ò sì láṣẹ láti sọ ọ́!

Oòrùn ń lọ nígbà tí a ṣe tán. Tonton na ẹ̀yìn, wọ́n ní, “Ó tó. Sọ̀rọ̀, kí o má bàa bẹ́.”

Gbogbo oko bú sẹ́rìn-ín. Mo la ẹnu, gbogbo ohun tí mo ti kó jọ láti àárọ̀ sá lọ. “Ẹ kú iṣẹ́” nìkan ló jáde. Mo wá ní kí wọ́n yan olórí mìíràn. Tonton ní, “Èbù tí a ti gbìn, ṣé a tún ń hú u wò lójoojúmọ́ bóyá ó ti ta? Dúró nínú ilẹ̀ tí a fi ọ́ sí.” Òjò kan sì rọ̀ sórí ebè náà kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Má rò pé mo ti di áńgẹ́lì o. Èmi ṣì ni ọwọ́ mi yá jù. Ṣùgbọ́n fèrè ti wà nínú àpótí, mo sì ń bẹ Olúwa kó fún mi ní ọkàn tó máa ń gbọ́ kí ẹnu tó ṣí. Ẹni tí ǹ bá bi pé báwo ni wọ́n ṣe ń ní irú ọkàn bẹ́ẹ̀, òkun ló wà láàárín èmi àti ẹ̀. Lẹ́tà yìí, mo fẹ́ fi pè ọ́ wálé ni. Ìyá wa ní kí n má dán an wò, pé ọkùnrin tó ń wá oúnjẹ ọmọ rẹ̀, a kì í fi ẹkún fà á lẹ́yìn. Nítorí náà mi ò pè ọ́. Mo kàn ń sọ fún ọ pé ibi tí o wà láàárín wa, kò tíì dí.

Bá mi kí ìyàwó rẹ, kí o gbá àwọn ọmọ mọ́ra fún mi. Kí gbogbo ọmọ ilẹ̀ wa tó wà níbẹ̀, pàápàá àwọn tó ń jẹ mí ní gbèsè ìkíni. Alidou ní kí n kí ọ, ó ní iṣu rẹ̀ ta ju tèmi lọ, irọ́ ni. Pásítọ̀ ń gbàdúrà fún ọ.

Ó ku ohun kan, mi ò fẹ́ kó o gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Lọ́jọ́ àáró yẹn, nígbà tí wọ́n ń kó ọkọ́ wọn, mo rí poro kan láàárín oko tí ẹnikẹ́ni ò kọ. Mo rò pé a gbàgbé rẹ̀ ni. Mo ti gbé ọkọ́ sókè nígbà tí mo gbọ́ ohùn ìyá wa.

“Fi ìyẹn sílẹ̀. Ti Tìmílẹ́yìn ni.”

Ìyá fúnra wọn ló ní kí Tonton yọ ọ́ sọ́tọ̀ láàárọ̀. Mo ní, “Ìyá, ilẹ̀ yẹn máa le kó tó dé o.”

Wọ́n ní, “Ilẹ̀ tó bá le, òjò á tún rọ̀ sí i.”

Àràárọ̀ ni mo ń gba ẹ̀gbẹ́ oko yẹn kọjá. Ebè wà lápá ọ̀tún, ebè wà lápá òsì, ilẹ̀ pẹrẹsẹ wà láàárín, koríko sì ti ń hù lórí rẹ̀. O mọ̀ mí. Ọwọ́ mi ń yún mi. Mi ò fọwọ́ kàn án.

                                                            Èmi tí a jọ ń dá oko láti kékeré,
                                                            Barnabé.